Ta Ló Lè Sọ Pé Ká Má Gun Òkè Lónìí?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bohicon wọ Dassa-Zoumè ní orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ́jú títí yóò fi sú u. Oko àgbàdo, oko òwú, igi kajú, abúlé kékeré kan, oko àgbàdo mìíràn. Lẹ́yìn náà ni òkè kan á ṣàdédé yọ lápá òsì, òmíràn á yọ lápá ọ̀tún, kí èrò ọkọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àpáta ti yí i ká. Wọ́n ní òkè 41 ló wà níbẹ̀, iye yẹn náà ni wọ́n sì fi ń polówó ìlú náà fún àlejò. Bàbá kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti kà wọ́n rí. Wọ́n ní ẹni tó bá ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kì í ka òkè.

Lóòótọ́, kò sí èyí tó ga nínú wọn lójú ẹni tó mọ òkè. Sokbaro tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Benin, lọ́hùn-ún níbi tó ti bá Togo pààlà, kò ju mítà 658 lọ. Agou ti Togo jẹ́ mítà 986. Everest tí gbogbo ayé ń sọ jẹ́ mítà 8,849. Ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu àwọn òkè Dassa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Himalaya á ra bàtà, á gba ìwé àṣẹ, á gbé okùn, á ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹni tó ń gun òkè Dassa á wọ sílípáàsì, á pọn ọmọ, á mú omi ìgò kan fún ẹni mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tí ènìyàn bá já bọ́ láti orí Everest kó tó kú. Mítà mẹ́wàá lórí àpáta ti tó.

Mo ti gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta, mo ti gun Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ní ibi méjèèjì, géètì wà, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wà, irin ìdìmú wà. Olúmọ tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè, ní ọjọ́ tó bá wù ú láti ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń wá lọ sí Dassa ni bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àlejò níbi tí kò sí géètì.

Ìbátan àwa Yorùbá ni àwọn Ìdáàṣà tó ni Dassa. Ìtàn ìdílé ọba wọn, àwọn Ọmọjagun, sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni baba ńlá wọn, Jagun Ọlọ́fin, ti wá. Bí wọ́n bá rọra sọ èdè wọn, mo ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn ṣàwàdà, mo ń rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú káàkiri, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn Ìdáàṣà ń sá lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà gun wọ́n kò pọ̀, ẹni tó sì wà lókè á ti rí ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn àgbà ọjọ́ náà mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró àti ibi tí kì í dúró. Wọn kò ní àǹfààní láti má mọ̀ ọ́n.

Amọ̀nà tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ ọdẹ tó ti dàgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Wọn kò ní káàdì lọ́rùn, wọn kò wọ aṣọ iṣẹ́ kankan. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo dé ìdí òkè, oòrùn ti yọ, ojú ọ̀run mọ́ roro, n kò rò pé ọjọ́ kan tún lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ọdẹ wo bàtà mi, wọ́n wo òkè, wọ́n ní kí n lọ jẹun kí n padà wá lọ́sàn-án.

Mo ní, “Bàbá, oòrùn ti yọ o.”

Wọ́n ní, “Ojú ọ̀run lo ń wò. Àpáta ni kóo wò.”

Àwọn ìlà dúdú gígùn kan wà lára òkè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí aró bá ṣàn sílẹ̀ lára ògiri. Ọ̀nà omi ni wọ́n. Ibi tí omi òjò bá ń gbà lọ́dọọdún, ohun kan tó kéré ju ewé lọ máa ń hù síbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ àpáta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ, á le, ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ kọjá láì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí òjò bá ti kàn án, á mu omi, á wú, á máa yọ̀. Oòrùn lè yọ, gbogbo àpáta tó yí i ká lè gbẹ, òun á ṣì tutù lábẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Bàbá Ọdẹ bọ́ bàtà kan, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìlà náà níwájú mi, ẹsẹ̀ sì sún lọ fíìrì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan náà tẹ ibi tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tó ìbú ọwọ́ kan síra wọn, ẹsẹ̀ dúró. Wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn àlejò fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú ti ń hàn kedere nísàlẹ̀, ń gba orí ìlà dúdú mẹ́ta kọjá.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ kan gun alùpùpù dé, àwọn ará Kútọnu, kámẹ́rà lọ́rùn, wọ́n fẹ́ ti kúrò nílùú kó tó di ọ̀sán. Bàbá Ọdẹ sọ ohun kan náà fún wọn. Wọ́n rò pé Bàbá ń fẹ́ kí àwọn fowó lé e ni, wọ́n sì fowó lé e. Bàbá kọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní kò burú, ẹlòmíràn ń bẹ tó máa mú àwọn lọ. Òótọ́ ló sọ. Ọmọkùnrin kan tó ń ta omi nítòsí ti gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú wọn gun òkè, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, àfi ẹnì kan tí ìgúnpá rẹ̀ bó. Ọmọkùnrin náà gba owó rẹ̀, ó gbé omi rẹ̀. Ìgúnpá tó bó kì í wọ inú ìwé ìròyìn, lọ́la yóò tún mú àwọn mìíràn lọ.

Bàbá Ọdẹ jókòó sórí òkúta wọn, wọ́n ń jẹ obì. Nínú gbogbo àwa tí a wà nídìí òkè láàárọ̀ yẹn, àwọn nìkan ló mọ ohun tí àpáta lè ṣe. Àwọn nìkan náà ló pàdánù owó, nítorí pé wọ́n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Dassa. A máa ń sọ̀rọ̀ ewu orí òkè bí ẹni pé ìmọ̀ ni kò sí. Ìmọ̀ wà, ó jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ obì. Ẹni tí yóò sanwó fún un nígbà tó bá ní “ó tì” ni kò sí.

Kì í sì í ṣe Dassa nìkan. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 1996, Rob Hall, ọmọ New Zealand, àti Scott Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣamọ̀nà àwọn tó sanwó láti gun Everest. Owó tí Hall ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó 65,000 dọ́là. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá tíì dé orí òkè ní aago méjì ọ̀sán, yíyí padà ló kù fún un. Aago méjì lù, àwọn kan ṣì ń gùn. Aago mẹ́rin ti kọjá kí ẹni tó kẹ́yìn tó dé orí òkè. Ìjì yìnyín ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀; ènìyàn mẹ́jọ ló kú lórí òkè náà, Hall àti Fischer wà nínú wọn. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ kò pọ̀ láyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dojú kọ ẹni tó ti san 65,000 dọ́là, tí orí òkè ku díẹ̀ fún, kó ní kó máa lọ sílé? Iye owó ló yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́ Kútọnu.

Mo lọ jẹ iyán gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ọdẹ ṣe rán mi. Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí: iyán agbègbè yìí, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ẹran ọ̀yà àti wàrà díndín, tó ìdí kan fún òjò láti rọ̀ mọ́jú.

Lọ́sàn-án a gun òkè, ọ̀nà mìíràn la gbà, lẹ́yìn òkè. Bàbá Ọdẹ ń fi ìdí ọ̀pá kan àpáta bí a ṣe ń lọ. Ibi tó bá dún kì, a tẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá dún bí ìlù, bí ibi tó ṣófo nísàlẹ̀, a yà fún un. Ó ya mí lẹ́nu bí ibi tó ṣófo ṣe pọ̀ tó lára ohun tí mo rò pé ó dì gbagidi. Gíránáítì ni púpọ̀ nínú àwọn òkè wọ̀nyí, òkúta tó dì nínú ilẹ̀ jíjìn láti àìmọye ọdún, kí òjò tó gbá ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ bá kúrò lórí irú òkúta bẹ́ẹ̀, á wú, á máa là ní ìpele-ìpele tó tẹ̀lé ojú rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á yan án, ọyẹ́ á mú un tutù lóru, omi á wọ inú ẹ̀là, gbòǹgbò igi á tẹ̀lé omi. Nígbà tó bá yá, ìpele òkè á kàn jókòó lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ ni, kò ní sí ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún 100 ọdún. Ó sì lè jókòó di òjò tó ń bọ̀.

Ní ìdajì òkè, òkúta ràgàjì kan wà tó yọrí síta, tí àwọn àlejò máa ń dúró sábẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ sókè, kí fọ́tò lè jọ pé àwọn ló gbé e dání. Mo fẹ́ ṣe tèmi. Bàbá Ọdẹ fi ọ̀pá dí mi lọ́nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan lẹ́bàá ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú gẹ́gẹ́ bí ara òkè yòókù. Ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́, ó ń dán, a rí àwọn èérún tó ń kọ mọ̀nà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣa èkejì, bákan náà. Àwọn òkúta tó ti já bọ́ tipẹ́, gbogbo ara wọn á ti dúdú. Èyí tí ojú ibi tó ti ya ṣì mọ́ bẹ́ẹ̀, kò tíì pẹ́ tó ya, ibi tó sì ti ya kò ju òkè orí wa lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó. Bí mo bá ní àṣẹ ní ìlú olókè kankan, lára pátákó tó wà nídìí òkè ni màá kọ ọ́ sí, ṣáájú orúkọ mínísítà tó wá ṣí i.

Ewu ẹ̀ẹ̀rùn tún yàtọ̀. Láti oṣù Kejìlá lọ, kò sí ohun tó ń yọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àpáta ń gbóná lábẹ́, oòrùn ń gbóná lókè, ẹni tó mú omi ìgò kan fún ẹni mẹ́rin á wá mọ ìwà tó hù. Oyin ń gbé inú ẹ̀là àpáta, wọn kò sì fẹ́ ariwo. Koríko ti gbẹ, wọ́n ń sungbó nísàlẹ̀, iná sì ń yára gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí èéfín nísàlẹ̀ rẹ̀ tó dúró yà á ní fọ́tò, orí ló ń tà.

Ìró òòlù ló kí wa nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì. Àwọn obìnrin ni, wọ́n jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, wọ́n ń fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní Dassa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n sì ti fi owó rẹ̀ rán lọ sílé ìwé. Ìyá kan tí mo kí kú iṣẹ́ kò dáwọ́ dúró láti dá mi lóhùn. Rọ́bà kan tí wọ́n gé lára táyà ni wọ́n ń fi ká òkúta mọ́lẹ̀ kí òòlù má baà bá ìka. Òòlù á sọ̀, èérún á fò, wọ́n á dijú díẹ̀, wọ́n á tún gbé òòlù. Mo bi wọ́n bóyá òkúta máa ń wá láti òkè. Wọ́n fi ẹnu tọ́ka sí apá kan ẹ̀gbẹ́ òkè náà, wọ́n ní àwọn kì í jókòó síbẹ̀ bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti gé ìdí àpáta lọ jù. Ẹni tó bá gé ìdí òkúta, ó ti mú ohun tó gbé ti òkè dúró kúrò. Mo bi wọ́n bóyá ẹnìkan ti wá bi wọ́n léèrè rí nípa ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ gbà. Ìyá náà wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní àlejò kì í bi aṣẹ́kùúta ní nǹkan kan, àfi bí ó bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ Arigbo, ọ̀kan nínú àwọn òkè Dassa, ni ihò àpáta Màríà wà. Láti ọdún 1954 ni Ìjọ Àgùdà ti ń pe àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, ní àkókò àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà. Láti gbogbo ilẹ̀ Benin, láti Togo, láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń wá, ìlú á kún fọ́fọ́, àwọn tí kò rí ilé sùn á tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo débẹ̀, ibẹ̀ dá: obìnrin méjì lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ kan tó ń gbá ewé. Mo jókòó sórí àga òkúta, mo ń wo òkè tó wà lẹ́yìn ère náà, mo sì ń ronú nípa oṣù Kẹjọ.

Oṣù tí àwọn olùjọsìn ń pọ̀ jù lórí òkè kì í sábà jẹ́ oṣù tí òkè rọ̀ fún ènìyàn jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, òjò tó pọ̀ kọjá ààlà rọ̀ sórí Kedarnath, tẹ́ńpìlì kan ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand ní India, tó wà ní nǹkan bíi mítà 3,500 sókè. Adágún kan tó wà lókè tẹ́ńpìlì, nídìí yìnyín, ya. Omi àti òkúta ya lu ìlú tó kún fún àlejò. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 5,000. Ní Freetown, 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún Màríà gan-an, apá kan òkè Sugar Loaf wó lulẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, àwọn tó kú àti àwọn tó sọnù sì lé ní 1,000. Wọ́n ti gé igi orí òkè yẹn, ilé ti gùn ún lọ.

N kò sọ pé irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ ní Dassa. Kò sí yìnyín lókè Arigbo, ilẹ̀ tó sì wà lórí àpáta ibẹ̀ kò nípọn tó ti Freetown láti ṣàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí Dassa ní ni òkúta tó jókòó lórí òkúta, àti igi tó dì í mú. Púpọ̀ nínú igi náà wà láàyè nítorí pé igbó òrìṣà ni wọ́n. Agbègbè yìí ni wọ́n ti ń bọ Nàná Bùkúù tọkàntọkàn, àwọn ará Dàhòmì fúnra wọn sì sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn Ìdáàṣà ni Sakpata, tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná, ti wọ ilẹ̀ wọn. Àáké kì í ṣàdédé wọ igbó irú àwọn òrìṣà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn Àgùdà tó ń gbàdúrà nísàlẹ̀ máa dúpẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ òrìṣà lókè, bí àlùfáà wọn kò bá ní í bínú.

Àwọn kan ní ìlú sọ fún mi pé ohun tí òkè nílò ni irin ìdìmú láti ìsàlẹ̀ dókè, bí ti ìlú òyìnbó. Irin dára lọ́jọ́ tí kò sí òjò. Ní orílẹ̀-èdè Poland, òkè kan wà tó ń jẹ́ Giewont, tí wọ́n ti gbé àgbélébùú irin ńlá sí lórí láti ọdún 1901, ṣéènì irin sì ni àwọn tó ń gùn ún ń dì mú. Ní 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lórí rẹ̀ nígbà tí ìjì dé lọ́sàn-án. Mànàmáná kọ lu orí òkè, ó sì bá irin náà lọ. Ènìyàn mẹ́rin ló kú lápá Poland lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó fara pa sì lé ní 100. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá dúró de ẹni tí yóò sọ fún un pé kó má di irin mú lórí òkè nígbà tí àrá bá ń sán. Bí Dassa bá ri irin mọ́ àpáta, ẹnìkan tún gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tó lè ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìkùukùu bá ṣú, kí wọ́n sì gbọ́. A tún ti padà sọ́dọ̀ Bàbá Ọdẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ka òkú, kó má wo òkè rárá, kó wo títì. Ní Dassa ni ọ̀nà tó ti Kútọnu wá pín sí méjì: ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou títí dé Niger, èkejì gba Savalou lọ sí Natitingou títí dé Burkina Faso. Ọ̀pọ̀ tírélà tó ń gbé ẹrù etíkun lọ sí aṣálẹ̀ ló ń gba àárín òkè wọ̀nyí kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lu ara wọn ní Dassa, iná sọ, ó sì lé ní 20 ènìyàn tó kú. Mo rí àlejò tó ń bi amọ̀nà bóyá ejò wà lórí òkè, tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ padà sí Kútọnu lóru.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá Bàbá Ọdẹ jókòó, mo gbé àbá mi kalẹ̀. Mo ní kí ìlú fi ẹnì kan sídìí òkè tí kì í gun òkè, tí owó oṣù rẹ̀ kò dúró lórí iye ẹni tó gùn ún. Òun ni yóò gba owó lọ́wọ́ àlejò, tí yóò gbọ́ ohun tí àwọn ọdẹ àti àwọn aṣẹ́kùúta bá rí láàárọ̀, tí yóò ti ọ̀nà bó bá yẹ kó tì í, tí yóò sì mọ nọ́ńbà panápaná, 118, lórí. Amọ̀nà yóò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún, bí wọ́n gun òkè, bí wọn kò gùn ún. Mo rò pé àbá náà dára. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ọdẹ gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, “Ẹni tí ìlú bá fi síbẹ̀, ọmọ ta ni yóò jẹ́?”

N kò lè dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti rí ìgbìmọ̀ rí, àwọn ti rí àpótí owó tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Tiwọn, bí àwọn ṣe fẹ́ ṣe é láti ìsinsìnyí lọ, ni pé àwọn yóò gba owó lọ́wọ́ àlejò kí àwọn tó gbójú sókè wo àpáta. Tí àwọn bá ti gba owó, ẹnu àwọn á mọ́ láti sọ òótọ́. Bí òkè bá ṣeé gùn, àwọn á gùn ún. Bí kò bá ṣeé gùn, àwọn á mú àlejò yí ìsàlẹ̀ òkè ká, àwọn á fi ihò ọ̀yà hàn án, àwọn á fi ibi tí àwọn àgbà ń sá pamọ́ sí lójú ogun hàn án, àwọn á sì sọ ìtàn fún un títí yóò fi gbàgbé pé òun kò gun òkè. Owó kò ní yí padà.

Mo ní, “Bí àlejò bá ní òun ò san ṣáájú ńkọ́?”

Wọ́n ní, “Kó lọ bá ọlọ́mi.”

Mo bi wọ́n pé èló ni. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní 2,000 sẹ́fà, bójò rọ̀, bí kò rọ̀. Mo san án fún ọjọ́ kejì lójú ẹsẹ̀, Bàbá Ọdẹ sì ká a sínú fìlà wọn, wọ́n ní kí n má wọ bàtà ọjọ́ yẹn wá mọ́.